Ológbò Ìyá Wòsílá Tó Wà Lẹ́yìn Fíríìjì Rẹ

Họ́sítẹ́ẹ̀lì Obìnrin, Yàrá Kẹrìnlá,
Ìlọrin.
Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo tọrọ gáfárà kí n tó sọ ohunkóhun. Mo mọ̀ pé ìyá kì í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ kó tó bá a wí, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò dá ara mi lójú. Ìwọ ti gboyè, o sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni, pẹ̀lú ewú lórí, àwọn tí a sì jọ ń jókòó ní kíláàsì kò ju àbúrò rẹ lọ. Àròkọ tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ń rìn káàkiri. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà yìí náà rìn káàkiri. Ṣáà kà á dé òpin.

Inú ń bí mi sí ọ, Àṣàkẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ gbólóhùn yẹn, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo rò pé ó le jù. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mi ò ní pa á rẹ́.

Nígbà tí mo wá sí ilé yín ní GRA láàárọ̀ yìí, ìgbà kejì péré nìyẹn láti ìgbà tí a ti fà ọ́ lé ọkọ rẹ lọ́wọ́. O mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í sọ ilé àna di ọ̀nà oko. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi bi ọ́ pé ológbò Ìyá Wòsílá ńkọ́. O bú sẹ́rìn-ín.

"Ó wà lẹ́yìn fíríìjì. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Màmá, ẹ̀yin ẹ wò ó, èyí kì í ṣe ológbò o, ayálégbé ni."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì láti ibi iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ayálégbé náà. O mú igi ìgbálẹ̀, o kì í bọ ẹ̀yìn fíríìjì, o ń gún un. Mo gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ fùù bí ejò. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo sì rí okùn lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà lọ síbòmíràn. Ọkọ rẹ na ọwọ́ tó fi báńdéèjì dì sí mi, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, Màmá. Mo ní kí n fà á jáde lánàá ni." Ìwọ wá sọ pé bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kò tíì jáde, dẹ́rẹ́bà yóò kó o sínú àpò, yóò lọ tú u sílẹ̀ ní oríta Challenge, kó lọ bá àwọn mọ́tò ṣeré.

Mo ní, "Àṣàkẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ojú ló ń tì í."

O ní, "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, Màmá. Èyí ò ṣípá." O wá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o ní, "Àbí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ológbò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni?"

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mu omi tí ẹ gbé fún mi, mo ní mo ní ìwé láti kà, mo dìde.

Inú mọ́tò ni ọkọ rẹ ti sọ fún mi, nígbà tó ń gbé mi dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀, pé, "Màmá, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ tèmi ni, mà á fún un ní àkókò sí i. Àṣàkẹ́ ló ń kánjú." Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ ló wà. Káfáyà tí a jọ ń gbé yàrá yóò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo fẹ́ kó bá ọ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Ṣé o rántí ẹni tó ni ológbò náà ni, àbí GRA ti jẹ́ kí o gbàgbé? Ìyá Wòsílá tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa l'Ọ́jà Tuntun, tó máa ń bá ọ rán yunifọ́ọ̀mù rẹ tó bá ya. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́ tán tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí abúlé, ìwọ lo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. O ní, "Ẹ fún mi ní ológbò yín, Ìyá. Eku ń jẹ ìwé ọkọ mi. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni mà á ṣe tọ́jú rẹ̀." Mo wà níbẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ pa ẹranko yẹn lórí títí, ó ní, "Ojú máa ń tì í o, Àṣàkẹ́. Rọra ṣe é." O ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá." Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ó dáa. Jẹ́ kí n kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, bí olùkọ́ wa ṣe ní kí a máa kọ ọ́.

Èkíní. Mo rí oògùn eku lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ, tí o fi ẹja pò. Àṣàkẹ́! O mú ológbò wá nítorí eku, o tún fi májèlé tó ń rùn bí ẹja sílẹ̀ lójú ọ̀nà ológbò. Kódà bí kò bá jẹ ẹ́, eku tó bá jẹ ẹ́ ni òun yóò jẹ, á sì kú. Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ báyìí. Lọ kó gbogbo rẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀ bò ó, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ àti ibi tó wà, kí o tó padà wá kà á.

Ṣé o ti dé?

Èkejì. Mú àlùmágàjí, gé okùn yẹn níbi tó bá ti jìnnà sí ara rẹ̀, má fà á. Èyí tó kù lọ́rùn rẹ̀ kò fún un, mo wò ó dáadáa. A ó tú u lọ́jọ́ tó bá fúnra rẹ̀ wá bá ọ. Ewúrẹ́ là ń so mọ́lẹ̀. Ológbò tí a so mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á, kí ló kù fún un ju kó ha èèyàn?

Ẹ̀kẹta ni ti àpò. Ọkọ rẹ sọ fún mi pé inú àpò gààrí lẹ fi gbé e wá, àti pé ẹ kọ́kọ́ fi àpò náà yípo lẹ́ẹ̀meje kí òòyì lè kọ́ ọ, kó má baà mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ó ní ìwọ lo sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibí yìí ni ìbínú mi ti kúrò lára rẹ tó bọ́ sára tèmi, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ. Èmi ni. O kéré nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ, mo sì sọ ọ́ bí ọgbọ́n. Mi ò sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agboolé bàbá rẹ, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ń ṣòwò ọkà bàbà, àpò ọkà sì kún yàrá rẹ̀. Ó gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí eku má baà fi aṣọ ìyàwó rẹ ṣe ìtẹ́." Mo fi àpò yí i po lẹ́ẹ̀meje bí àwọn obìnrin ilé ṣe ní kí n ṣe. Bí mo ṣe tú u sílẹ̀ ló gun òkè àjà, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

O ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ìyàwó tuntun. Gbogbo ojú ló wà lára mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ológbò rẹ ń sá fún ọ o. Kí ló rí lára rẹ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe rẹ́rìn-ín ní ilé rẹ láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá, mà á mú ìgbálẹ̀, mà á máa gún òkè àjà. Mo nà án. Mo fi ebi pa á kó lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nítorí ebi, mo tún nà án nítorí pé ó pẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń lọ ṣẹ́gi, mo kó o sínú ọ̀kan nínú àpò ọkà Ìyá Àgbà, mo rìn kọjá odò, mo tú u sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé yóò sá. Kò sá. Ó jókòó ti àpò náà, ó ń wò ó, bí ẹni pé inú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ nílé. Mi ò lè fa àpò yẹn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún un, mo yáa pa dà.

Mo délé, mo ní ó sá lọ. Bàbá rẹ fi odidi ọjọ́ méjì wá a nínú oko, ó mú orí ẹja lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀, tó bá kírun àárọ̀ tán, yóò wá dúró níwájú ilẹ̀kùn mi, yóò máa pè é bí wọ́n ṣe ń pe ológbò láyé ìgbà náà: "Músù! Músù o! Máa bọ̀ nílé. Ẹnikẹ́ni ò ní nà ọ́." Láràárọ̀. Mo lóyún rẹ, ó ń pè é. Mo bí ọ, ó ṣì ń pè é. Mà á wà nínú yàrá, mà á máa ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Ọdún tó máa kú, mò ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ibo lo gbé e dé?" Mo ní, "Kí ni, Ìyá?" Ó ní, "Àpò mi kan kò sí láti ọjọ́ náà. O rò pé ológbò ni mò ń pè? Ìwọ ni mò ń pè." Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ní, "Ó dáa. Bu omi gbígbóná sí i."

Ó tán. Mi ò rí ọ̀rọ̀ náà sọ títí ó fi lọ.

Àwọn àgbà máa ń ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn. Ìgbálẹ̀ tí mo rí lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí, tèmi ni. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi báyìí, tí mo sì ń kọ̀wé dípò kí n sọ̀rọ̀, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀, ariwo ni mà á pa.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún. Ẹ fún un ní yàrá kan, kékeré, tí ẹsẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Yàrá tí ẹ ń kẹ́rù sí lẹ́yìn yẹn dára. Má fà á lọ síbẹ̀. Gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀, ti fèrèsé, ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀, pa iná ilé ìdáná, kí gbogbo yín lọ jókòó sí pálọ̀. Yóò fúnra rẹ̀ rìn lọ. Bó bá wọlé, rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ilé rẹ tó ní yàrá mẹ́ta ti pọ̀ jù fún un láti fi ojú kó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀kan.

Fi páálí kan lélẹ̀ níbẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síta, kí ológbò lè wọ inú rẹ̀ sá pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kó sá pamọ́! Ibi ìsápamọ́ ni yóò fún un láyà láti jáde. Káfáyà yóò fún ọ ní ọ̀rá kan pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìró Ìyá Wòsílá kan ló wà níbẹ̀, èyí tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò fọ̀ ọ́, ìwọ náà má fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ ni mo fi rán. Tẹ́ ẹ sínú páálí náà.

Iyanrìn ńkọ́? Mo gbọ́ tí o ń sọ pé ó ṣu sẹ́yìn fíríìjì. Níbo lo fẹ́ kó ṣu sí, nígbà tí o so ó mọ́lẹ̀? Bu iyanrìn gbígbẹ sínú bẹ́sìn, gbé e jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, máa kó o lójoojúmọ́. Ológbò mọ́ ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Àwọn alfa ilé wa kì í lé e kúrò lórí ẹní ìkírun.

Oúnjẹ: orí ẹja gbígbẹ tí o ti yọ egungun rẹ̀, tí o fi ẹ̀kọ díẹ̀ pò, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò kan náà. Omi lọ́tọ̀. Má fi mílíìkì kẹ́ ẹ, ó máa ń da inú wọn rú. Bó bá fi ọjọ́ kan tàbí méjì kọ oúnjẹ pátápátá, má dúró, pe dókítà ẹranko.

Èyí tó kàn yìí, mi ò kọ́ ọ lára ológbò. Mo ń tijú láti kọ ọ́.

Oṣù kìíní mi níbí, mi ò lè jẹun lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ kan bi mí ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì pé, "Màmá, ọmọ yín dà? Oúnjẹ lẹ gbé wá fún un?" Kíláàsì hó yẹ̀ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti jáde, mà á sá wá sí yàrá, mà á jókòó sí àárín wọ́dúróòbù àti ògiri, mà á jẹ gààrí mi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di ẹrù mi láti máa lọ sílé. Káfáyà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bá mi níbẹ̀. Kò ní kí n dìde. Kò pe ẹnikẹ́ni wá wò mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbé ẹ̀pà díẹ̀ sí àárín wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ̀ sókè, jẹ́jẹ́. Bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹfà ni mo sọ fún un pé, "O ṣi ọ̀rọ̀ yẹn kà." Ó ní, "Ẹ̀hẹ́ẹ̀n, Mọ́mì! Mo ti ń rò ó pé ìgbà wo lẹ máa sọ̀rọ̀." Mo jáde.

Àṣàkẹ́, bí o ṣe máa ṣe nìyẹn. Wọ yàrá náà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ̀yìn sí i díẹ̀. Má tẹjú mọ́ ọn, ìjà ni wọ́n ka ìyẹn sí. Máa ka nǹkan sókè ní ohùn pẹ̀lẹ́, kó lè mọ ohùn rẹ láìjẹ́ pé o ń pè é. Bó bá yọrí, má kígbe, má pe ọkọ rẹ wá wò ó. Bó bá gbóòórùn ọwọ́ rẹ, fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má gbé e. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó lè gbà tó oṣù kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àlejò kankan má wọ ibẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì yẹn. Kí ilẹ̀kùn ìta má ṣí sílẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Nígbà tó bá yá, ebi ni kí o fi mú un jáde, ṣáájú oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, kó lè ní ìdí láti pa dà wálé.

Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣípá fún ẹni tó mú igi ìgbálẹ̀ dání?

Bó o bá ka gbogbo èyí tán tí ọkàn rẹ ṣì sọ pé o ò lè ṣe é, má pe dẹ́rẹ́bà. Sọ fún Káfáyà. Mà á wá gbé e lọ́jọ́ Ajé, mà á pa kíláàsì jẹ. Wọn kì í gba ẹranko ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n lè lé èmi àti òun jáde pọ̀. Mo ti rò ó. Ó sàn kí wọ́n lé mi ju kí n tún gbọ́ pé wọ́n tú ológbò kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo ti kọ̀wé jù. Bóyá mo ti ṣe àṣejù pẹ̀lú, mi ò mọ̀. Ọmọ mi ṣì ni ọ́, Àṣàkẹ́ ọmọ Àbẹ̀kẹ́, bí inú bá ń bí mi tàbí kò bí mi.

Mo bẹ̀ ọ́, má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni. Má fi han ọkọ rẹ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, má fi han bàbá rẹ, nítorí títí dòní, bí a bá ń kọjá odò yẹn, ó ṣì máa ń wo inú igbó. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún un, mà á sì sọ fún un tí mo bá délé, bí ẹnu mi bá gbà á. Títí dìgbà náà, fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìró inú páálí yẹn.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, bí o bá jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà tí o ò mọ ohun tí o máa kà, ka èyí fún un. Kà á jẹ́jẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun nìkan ni mo gbà kó gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.